Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn Bàbá Tí Ohun Gbogbo Tẹ́ Lọ́rùn

Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Kejì

Bàbá Àgbà ṣubú lórí adágún tó ti di yìnyín láàárọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Wendell Lahti, ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú àgọ́ ìpẹja wọn. Mo bi Wendell pé kí ló dé tí kò tètè pe ọkọ̀ aláìsàn. Ó ní nígbà tí òun béèrè bóyá ó fara pa, Bàbá ní, "Kò burú jù." Wendell bá bu kọfí fún un, wọ́n sì jọ tún pẹja díẹ̀ sí i. Ẹja mẹ́ta. Ìgbà tí Bàbá fẹ́ dìde lọ sílé ni wọ́n tó rí i pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí.

Eegun ìbàdí ló ṣẹ́. Dókítà fi àwòrán rẹ̀ hàn mí. Títún fìríìjì ṣe ni mo kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́, ṣùgbọ́n èmi náà mọ̀ pé ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan kò gbọdọ̀ di méjì.

Nọ́ọ̀sì bi í pé láti orí òdo dé orí mẹ́wàá, báwo ni ìrora náà ṣe pọ̀ tó. Bàbá rò ó títí. "Méjì," ló wí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, ó sọ fún mi pé ọ̀kan lòun ì bá mú, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun ń fọ́nnu.

Mo dúpẹ́ pé yìnyín adágún nípọn. Mo dúpẹ́ pé ọkọ̀ Wendell ṣíná nínú òtútù tó ń mú kí irun imú ènìyàn dì.

Ẹtì, 10 oṣù Kejì

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Irin ti wà nínú ìbàdí Bàbá báyìí, ó sì ń bẹ̀rù pé àwọn dókítà lè nílò rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n gbà á sílé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí aláìsàn tó ń sùn síbẹ̀. Ìyàwó Wendell, kí ọ̀run tẹ́ ẹ lọ́rùn, sùn níbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún un pé kò sùn síbẹ̀ rárá, wọ́n kàn ń wò ó ni. Nítorí wíwò yẹn, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ń san owó ìwòsàn kò sanwó ilé ìtọ́jú tó lọ lẹ́yìn náà. Ti Bàbá yàtọ̀. Wọ́n gbà á. Mo rí i nínú ìwé.

Nígbà tí mo délé, àwo oúnjẹ ààrò mẹ́rin tí àwọn aládùúgbò gbé wá ti wà lẹ́nu ọ̀nà: ẹran lílọ̀, ọbẹ̀ olú, ànàmọ́ lórí. Ní ìlú yìí, àwo méjì túmọ̀ sí pé òtútù mú ọ. Mẹ́rin, eegun ló ṣẹ́. Mẹ́jọ, kí ẹbí lọ wá aṣọ dúdú. Mo dúpẹ́ pé mẹ́rin ni.

Ajé, 13 oṣù Kejì

Wọ́n gbé Bàbá lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Adójútòfò fọwọ́ sí i láìjanpata, mo sì rò pé èèyàn rere ni wọ́n.

Renae ni orúkọ físíò tí yóò máa kọ́ ọ ní ìrìn. Obìnrin gíga ni, ó máa ń ka bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ bó bá ń ronú. Ó béèrè bí ilé wa ṣe rí. Mo sọ fún un pé bàbá Bàbá ló kọ́ ọ, àti pé bí mo bá wo àtẹ̀gùn inú rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé orúnkún ọmọ ènìyàn ti ṣẹ baba náà rí. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìdáná. Òkè ni ibùsùn, òkè ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń bá Bàbá gbé, mi ò sì kí ń sí nílé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, torí fìríìjì kì í bàjẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Renae ní, "Ó gbọ́dọ̀ lè gun àtẹ̀gùn yẹn kó tó lọ sílé. Bó bá tún ṣubú, a ò ní lè to eegun yẹn mọ́. Ilé ìtọ́jú ni yóò máa gbé títí ayé, kì í sì í ṣe èyí, nítorí àwa kì í gba onígbèé."

Èyí tó ń gba onígbèé jìnnà sí wa tó ìrìn ọkọ̀ wákàtí méjì bí yìnyín kò bá sí lọ́nà. Yìnyín máa ń wà lọ́nà.

Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Kejì

Yìnyín bọ́ mọ́jú. Aládùúgbò kan ti wọ́ ti ẹnu ọ̀nà wa kúrò kí n tó jí. Mi ò mọ ẹni tó jẹ́, kò sì ní sọ láé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn pọ̀.

Ẹyin ti wọ́n débi pé Wendell gbé páálí kan wá fún Bàbá bí ẹni gbé wúrà wá. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Lónìí Wendell ní, "Yìnyín adágún ṣì ń nípọn sí i." Bàbá ní, "Ìyẹn dára." Nígbà tí mo ń sìn ín jáde, Wendell sọ fún mi pé inú òun dùn pé ẹnu Bàbá ti là.

Bàbá ń rìn láàárín ọ̀pá irin méjì. Ènìyàn méjì ló ń dì í mú. Ojú rẹ̀ máa ń funfun bí aṣọ ibùsùn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kò burú jù.

Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Kejì

Ìwé dé láti ọ̀dọ̀ adójútòfò. Láti Ọjọ́bọ̀, wọn kò ní sanwó mọ́. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀: aláìsàn sọ pé òun wà dáadáa, aláìsàn kò ní àròyé, ìrora kò burú jù, aláìsàn sì ti ṣetán àtilọ sílé. Gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá. Àwọn nọ́ọ̀sì kọ ohun tó wí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, àwọn adójútòfò sì gbà á gbọ́. Ìlú tí ọ́fíìsì wọn wà, igi ọ̀pẹ ló ń hù níbẹ̀. Mo rò pé bí ara bá ń ro ènìyàn lọ́hùn-ún, ó máa ń sọ ọ́.

Mo pè wọ́n. Ọmọkùnrin kan ló gbé e, Brandon lorúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù.

"Màdáàmù, ohun tó wà níwájú mi ni pé bàbá yín ò ní ìrora."

"Ìrora wà. Kì í sọ ọ́ ni."

"Ṣé ẹ ń sọ pé ó ń purọ́ fún nọ́ọ̀sì?"

"Rárá. Ó ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Màdáàmù, kò síbi tí mo lè kọ ìyẹn sí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Brandon ṣá o. Òun ló fún mi ní nọ́ńbà àwọn olùyẹ̀wò tí kì í ṣe ará ilé wọn, ó sì ní kí n pè kí ọ̀sán ọ̀la tó lé. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bàbá kò tíì sọ gbólóhùn yẹn rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i.

Ọjọ́rú, 1 oṣù Kẹta

A kọ́kọ́ fi ṣe ìdánrawò.

"Bàbá, bí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ pé ó ń dùn yín."

"Ó ń dùn mí."

"Ẹ sọ ọ́ bíi pé òótọ́ ni."

"Òótọ́ ni."

"Kí ló dé tí ẹ wá ń rẹ́rìn-ín?"

"Mi ò rẹ́rìn-ín. Bí ojú mi ṣe rí nìyẹn, Ragna. O ti ń wò ó láti ọdún mẹ́rìnlélógún."

Mo tẹ nọ́ńbà náà, mo ṣàlàyé tèmi, obìnrin tó gbé e sì ní òun fẹ́ gbọ́ látẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀. Mo gbé fóònù sí Bàbá létí.

"Ọ̀gbẹ́ni Tveit, kí ló dé tí ẹ fi rò pé ó yẹ kí ìtọ́jú yín tẹ̀síwájú?"

"Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ tiwa. Báwo lojú ọjọ́ lọ́dọ̀ yín?"

"Ooru ń mú díẹ̀, sà. Ìtọ́jú yín ńkọ́?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ ọmọ mi ló ń ṣe wàhálà. Bí ẹnì kan bá wà tó nílò ibùsùn yìí, mi ò ní dí i lọ́nà."

Mo gbé ìrọ̀rí rẹ̀, mo fi bo ojú ara mi. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí sínú rẹ̀, ó sì sọ fún obìnrin náà pé kó máà bínú, pé òtútù ló ń mú mi.

Ẹtì, 3 oṣù Kẹta

A pàdánù. Àwọn olùyẹ̀wò náà ní àwọn kò rí ohun tó burú.

A lè pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn ìyẹn ó tán. Ọ̀gá ilé ìtọ́jú ní àwọn kò ní lé e jáde títí èsì kejì yóò fi dé. Kò pọn dandan kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ojú tì í, ó sì ní kí n wá tún fìríìjì ilé oúnjẹ wọn ṣe bó bá ti wù mí. Mo tún un ṣe. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ló gbó.

Lẹ́yìn náà mo lọ bínú sí Bàbá, bí wọ́n ṣe ń bínú níbí: mo dákẹ́, mo sì nu tábìlì rẹ̀ títí ọ̀dà fi fẹ́ ṣí.

"Tábìlì yẹn ti mọ́," ló wí.

"Ẹ ò lè gun àtẹ̀gùn ilé, Bàbá. Ẹ máa ṣubú. Wọ́n á gbé yín lọ síbi tí Wendell ò ti ní lè máa wá jókòó tì yín."

Ó wo ojú fèrèsé.

"Ọdún mẹ́ta ni àìsàn jẹjẹrẹ fi jẹ ìyá àgbà rẹ tán. Kò ráhùn lọ́jọ́ kan. Èmi wá ṣẹ́ eegun kan níbi ẹja, kí n máa pariwo. Ojú wo ni màá fi wò ó lọ́run?"

Mo bá a tún ìrọ̀rí ṣe.

Ajé, 6 oṣù Kẹta

Mo ní láti kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́.

Wendell wà níbẹ̀, ó ń mu kọfí. Inú mi ò tíì rọ̀. Mo jókòó, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Wendell, ṣé ẹ ti gbọ́ ohun táwọn adójútòfò ń sọ nípa ọ̀rẹ́ yín? Wọ́n ní bí ó ṣe ń rìn, kò sírú rẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Minnesota."

Etí Bàbá pọ́n. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ni. Wọ́n ní ẹ kàn ń fò lórí àtẹ̀gùn ni."

"Èmi? Mi ò lè gbé ẹsẹ̀ yìí ga ju bàtà lọ."

Mo wo Wendell. Wendell rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Wọ́n tún ní ẹ ń dá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, Bàbá. Bí ọmọ ogún ọdún."

"Irọ́ gbáà ni. Ènìyàn méjì ló ń gbé mi lọ. Àná ẹnì kan ṣoṣo ló wà, díẹ̀ ló kù kí àwa méjèèjì dà lulẹ̀. Bí mo bá tẹ ẹsẹ̀ yìí mọ́lẹ̀, bí iná ló ń jó mi títí dé orúnkún, ìgbà míì mi ò lè rí iwájú mi. Mi ò lè wọ ìbọ̀sẹ̀ fúnra mi. Kí ni wọ́n fi ń yìn mí fún ohun tí mi ò ṣe? Kò dára bẹ́ẹ̀. Pè wọ́n, kí o sọ fún wọn."

Wendell ní, "Orlin, ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju èyí tí o sọ níbi ìgbéyàwó rẹ lọ."

Bàbá kì í ráhùn. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan wá yìn ín láìtọ́, ìyẹn ni kò lè gbà. Ìtẹríba yẹn kan náà tó fi ń bo ìrora mọ́lẹ̀ ló fi ń sá fún ìyìn. Ẹ̀gbẹ́ òdì ni gbogbo wa ti ń gbà sí i.

Mo sáré lọ bá Renae. Mo sọ ọ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó ka bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Bí bàbá tèmi náà ṣe rí gan-an nìyẹn," ló wí. "Ká ní mo ti mọ̀, n ì bá má ti béèrè bó ṣe wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí."

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Kẹta

Renae wọlé tẹ̀rín tẹ̀rín. "Orlin, mo gbọ́ pé ẹ ti ń gbèrò àtijó."

"Ijó kẹ̀? Ìdúró gan-an ń ni mí lára."

"Ó ń ni yín lára báwo?"

Ó sọ fún un. Renae sì ní kó tẹ̀ síwájú, kó fi ìṣe hàn, nítorí ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Ó gbé e dìde, ó wọn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ga tó, ó wo ibi tí orúnkún ti yẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹjọ́ kejì. Àtẹ̀gùn àpẹẹrẹ onípele mẹ́ta kan wà nínú yàrá ìdánrawò. Bàbá gbìyànjú ìpele kìíní. Kò lè dé e. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀, òógùn sì ń bọ́ lójú Bàbá. Nígbà tí mo rí òógùn yẹn, mo ṣíwọ́ ẹ̀rín.

Renae sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ti ń sàn díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, pé bí wọ́n bá fún un láyè, yóò gun àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá fún un láyè.

Ajé, 13 oṣù Kẹta

Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ́ àgọ́ ìpẹja kúrò lórí adágún lọ́sẹ̀ yìí kí yìnyín tó yọ́, òfin ni. Wendell lọ wọ́ tiwọn. Ó bá àwọn ọkùnrin mẹ́fà níbẹ̀ tí wọ́n wá bá a wọ́ ọ, tí gbogbo wọn ní àwọn kàn ń kọjá ni. Lórí adágún.

Dókítà àwọn olùyẹ̀wò kejì pè lọ́sàn-án. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti ka ohun tí físíò kọ, kò bá ti àtẹ̀yìnwá mu, òun sì fẹ́ bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ má bi í bó ṣe wà. Ẹ yìn ín."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Kí ẹ yìn ín. Bó bá ti lè pọ̀ tó."

Mo rò pé yóò já fóònù sí mi létí. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e fún un."

Mo tẹ ibi tí gbogbo wa yóò fi gbọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Tveit, wọ́n sọ fún mi pé ẹ lágbára gan-an. Pé ẹ ti borí gbogbo rẹ̀."

Bàbá di ọwọ́ àga mú. "Dókítà, mi ò mọ ẹni tó ń gbé ìròyìn yìí kiri. Ẹ má gbà á gbọ́."

"Ṣé kì í ṣe òótọ́ ni?"

"Kì í ṣe òótọ́." Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ìbọ̀sẹ̀, ó sọ ti iná, ó sọ ti àtẹ̀gùn onípele mẹ́ta. Dókítà kò dá a dúró. Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tó jalè. "Ẹ dárí jì mí," ló wí. "Mi ò kí ń ṣe báyìí."

"Kò sí ohun tí mo fẹ́ dárí rẹ̀ jì yín," ni dókítà wí. "Ẹ ṣeun, sà."

Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi dìde àtilọ. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n máa wa ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Kẹta

A borí. Adójútòfò yóò sanwó, títí kan àwọn ọjọ́ tí wọ́n ti fò.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Renae, ọ̀gá ilé ìtọ́jú àti rọ́bà fìríìjì. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ adójútòfò, nítorí wọ́n kọ̀wé, wọ́n ní inú àwọn dùn láti máa sìn wá.

Mo sọ fún Bàbá. Ó ní, "Ìyẹn dára." Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ẹlòmíì pàdánù ibùsùn nítorí òun. Mo ní rárá. Ó ní kí n lọ béèrè dáadáa.

Àbámẹ́ta, 25 oṣù Kẹta

Ìpele kejì.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù Kẹta

Ìpele kẹta, láìsí ẹni tó dì í mú. Renae yìn ín, ó ti gbàgbé. Bàbá fi ogún ìṣẹ́jú sọ gbogbo ohun tó ṣe láìdára fún un.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹrin

Bàbá délé.

Wendell gbé e wá nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀ wọlé, ó ní, "Ó dáa, nígbà náà," ó sì lọ. Yìnyín ń yọ́ lórí òrùlé, omi ń kán sílẹ̀ níwájú fèrèsé ilé ìdáná. Bàbá wo ilé yíká bí ẹni tó fẹ́ rà á. Lẹ́yìn náà ó di igi ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù mú. Mi ò yìn ín. Mi ò béèrè ohunkóhun.

Láàárín méjì, ó dúró. Mo ń wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò.

"Ragna."

"Bàbá."

"Ó ń dùn mí."

Ẹnikẹ́ni ò bi í. Kò sí adójútòfò nítòsí, kò sí dókítà lórí fóònù. Ó ń dùn ún, inú mi sì dùn débi pé ojú tì mí.

"Níbo, Bàbá?"

"Ìbàdí níbí. Gbé ọwọ́ rẹ lé e."

Mo gbé ọwọ́ mi lé e. A dúró síbẹ̀ títí ó fi rọlẹ̀, lẹ́yìn náà a gun èyí tó kù.